Ta Ló Kọ Ábídí Ogun fún Àwọn Ọmọ Afghanístàn?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí jìnnà sí ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí iṣẹ́ wa rárá. Ọ̀rọ̀ ìwé ábídí ni.

Gbogbo àwa tí a kọ́ ìwé kíkà ní èdè Yorùbá la mọ bí ìwé ábídí ti rí. 'A' ni ajá, 'B' ni bàtà, 'D' ni dígí. Àwọn tó ka Aláwíyé tí olóògbé J. F. Ọdúnjọ kọ mọ̀ pé ilé, oko, ẹranko àti ìwà ọmọlúwàbí ni bàbá náà fi kọ́ ọmọdé ní kíkà. Ó lè dà bí ẹni pé kò sí nǹkan bàbàrà nínú èyí, àmọ́ kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ohun tí ọmọ ọdún mẹ́fà bá kọ́kọ́ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà ni yóò bá lẹ́tà náà wọ inú ọkàn rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì máa gbé.

Nísinsìnyí, ẹ fojú inú wo ìwé ábídí kan tí 'I' ti jẹ́ ìbọn, tí 'J' jẹ́ jagunjagun, tí 'Ọ' jẹ́ ọta. Ẹ fojú inú wo ìwé ìṣirò tí kì í fi ọsàn àti ẹ̀pà kọ́ ọmọ ní òǹkà, bí kò ṣe ọta ìbọn àti òkú ọ̀tá. Kí ẹ tún wá wò ó pé kì í ṣe ará ilé yín ló san owó ìwé náà, bí kò ṣe ìjọba orílẹ̀-èdè alágbára kan tó wà ní òdìkejì ayé. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti wà rí. Owó ìjọba Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣe é, àwọn ọmọ Afghanístàn ni wọ́n sì ṣe é fún.

Ohun tó mú mi gbé kálàmù ni ọ̀rọ̀ kan tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé nígbàkígbà tí a bá dárúkọ Afghanístàn. Wọ́n á ní, "Àwọn yẹn? Ogun wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Bí wọn kò bá rí àjèjì bá jà, wọ́n á bá ara wọn jà." Mo gbọ́ ọ gan-an ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, nígbà tí Kabul bọ́ sọ́wọ́ àwọn Taliban, tí gbogbo ayé ń wo àwọn èèyàn tó rọ̀ mọ́ ara bàálù ní pápákọ̀ òfuurufú. Irọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ó sì jẹ́ irọ́ tó ń gbe ẹni tó dáná ogun, nítorí bí a bá ti gbà pé igi náà ló máa ń gbiná fúnra rẹ̀, kò ní sí ẹni tí yóò béèrè ẹni tó ṣáná sí i.

Ẹ jẹ́ ká bi ìtàn léèrè. Láti ọdún 1933 títí di ọdún 1973, ọba kan ṣoṣo, Zahir Shah, ló wà lórí ìtẹ́ ní Kabul. N kò sọ pé ọ̀tẹ̀ kò wáyé níbí àti lọ́hùn-ún láàárín ogójì ọdún yẹn, ṣùgbọ́n kò sí ogun kan tó gba gbogbo ilẹ̀ náà kan. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, tí àwọn ará Yúróòpù ń pa ara wọn bí ẹni ń pa ẹran, Afghanístàn kò dá sí i. Yunifásítì wà ní Kabul. Ní ọdún 1964 wọ́n ṣe òfin orílẹ̀-èdè tó fún obìnrin ní ẹ̀tọ́ láti dìbò, obìnrin sì wà lára àwọn tí wọ́n dìbò yàn sí ilé aṣòfin ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Bí ogun bá jẹ́ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, nínú ẹ̀jẹ̀ ta ni ó wà nígbà náà? Ṣé nínú ti ará Kabul ni, àbí nínú ti ará Berlin, London àti Moscow?

N kò ní fi àṣìṣe àwọn ará ilé pamọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ọba, Daoud, ló gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 1973. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1978, àwọn ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì pa Daoud àti ẹbí rẹ̀, wọ́n gorí àlééfà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi tipátipá yí ìgbé ayé àwọn ará abúlé padà, wọ́n ń sọ èèyàn sẹ́wọ̀n, wọ́n ń pa èèyàn. Àwọn ará abúlé fárígá. Títí dé ibí yìí, ìjà ilé ni. Irú ìjà bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì ní orílẹ̀-èdè kankan láyé, tiwa náà kò gbẹ́yìn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni ibi tí àwọn alágbára ti rí i pé ìjà ilé náà lè wúlò fún ìjà tiwọn. Ní ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 1979, Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí ìwé kan ní ìkọ̀kọ̀ pé kí wọ́n máa ran àwọn tó dìtẹ̀ sí ìjọba Kabul lọ́wọ́. Owó ibẹ̀ kéré nígbà náà, kò sì sí ohun ìjà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ọjọ́ náà dáadáa. Ó ku oṣù márùn-ún àti ọjọ́ díẹ̀ kí ọmọ ogun Sófìẹ́tì tó wọ ilẹ̀ náà ní òpin oṣù Kejìlá ọdún 1979. Ìwà ìkà gbáà ni ìwọlé àwọn Sófìẹ́tì, kò sí ẹni tó lè wẹ̀ ẹ́ mọ́. Wọ́n ju bọ́ǹbù sí abúlé, wọ́n ri àdó olóró mọ́ inú oko, bí mílíọ̀nù kan ènìyàn ni wọ́n sì ṣírò pé ó kú láàárín ọdún mẹ́wàá. Àwọn tó sá lọ sí Pakístàn àti Iran lé ní mílíọ̀nù 5.

Kí ni Amẹ́ríkà wá ń wá níbẹ̀? Kì í ṣe bí ilé àwọn ará Afghanístàn yóò ṣe tòrò. Ohun tí Washington ń wá ni kí Sófìẹ́tì jẹ irú ìyà tí Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ jẹ ní Vietnam. Nígbà tí Ronald Reagan gorí oyè, owó náà di púpọ̀. Ilé-iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, CIA, ni ó ń kó owó àti ohun ìjà wọlé, ìjọba Saudi Arabia sì ń fi dọ́là kan lé gbogbo dọ́là kan tí Amẹ́ríkà bá yọ. Ní ọdún 1987 nìkan, ohun tí Amẹ́ríkà yọ ju mílíọ̀nù 600 dọ́là lọ. Ọwọ́ àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Pakístàn, tí Ọ̀gágun Zia ul-Haq ń darí ìjọba rẹ̀ nígbà náà, ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá, àwọn ni wọ́n sì ń yan ẹni tí yóò rí gbà àti ẹni tí kò ní rí. Àwọn tí ẹ̀sìn wọn le jù, tí wọ́n sì ń gbọ́ràn sí Pakístàn lẹ́nu jù, ni wọ́n ń fún ní èyí tó pọ̀ jù.

Ìbọn nìkan kọ́ ni wọ́n kó wọlé. Wọ́n kó ìwé wọlé pẹ̀lú.

Láti ọdún 1984 títí di ọdún 1994, USAID, ilé-iṣẹ́ tó ń pín ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà fún ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà, fi bíi mílíọ̀nù 51 dọ́là lé Yunifásítì Nebraska tó wà ní Omaha lọ́wọ́ fún ètò ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ Afghanístàn. Wọ́n ṣe ìwé kíkà àti ìwé ìṣirò ní èdè Dari àti èdè Pashto, èdè méjì tó gbilẹ̀ jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà. Láti Pakístàn ni wọ́n ti ń pín ìwé wọ̀nyí fún àwọn ọmọ ogúnléndé nínú àgọ́, tí wọ́n sì ń kó wọn kọjá ààlà lọ sí àwọn ìletò tó wà lábẹ́ àwọn Mujahideen.

Nínú ìwé ábídí náà, lẹ́tà 'jīm', tó ní ìró kan náà pẹ̀lú 'j' tiwa nínú 'jẹun', jẹ́ ti jihad. Lẹ́tà 'te' jẹ́ ti 'tofang', orúkọ tí èdè Dari ń pe ìbọn. Àwòrán ìbọn, ọta, ọmọ ogun àti àdó olóró kún inú ìwé náà. Nínú ìwé ìṣirò, wọ́n sọ bí ọta ìbọn Kalashnikov ti ń yára tó fún ọmọdé, wọ́n sọ bí ọmọ ogun Rọ́ṣíà kan ti jìnnà tó, wọ́n wá ní kí ọmọ náà ṣírò iye ìṣẹ́jú àáyá tí ọta yóò fi dé iwájú orí ọkùnrin náà. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olùkọ́, ẹ dúró díẹ̀ níbí. Ọmọ tó ń ṣe ìṣirò yìí kò tíì mọ bí a ti ń kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀. Bí ó bá gbà á, olùkọ́ yóò sàmì sí i pé ó gbà á.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2002, ìwé ìròyìn Washington Post tú àṣírí ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ìwé náà kò sí.

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ èdè ni pé èdè abínibí ni wọ́n fi ṣe é. Àwa tí a fẹ́ràn èdè wa ti ń pariwo láti ọdún gbọọrọ pé èdè ìyá ni kí a fi kọ́ ọmọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ láti ọdún 1970 nínú ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní gbogbo ẹ̀kọ́ kò kẹ́yìn sí ẹgbẹ́ rẹ̀, ó tilẹ̀ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ. Òótọ́ ni. Èdè ìyá ni ọ̀nà tó yá jù sí inú ọkàn ọmọdé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kì í yan ẹni tí yóò gba orí rẹ̀ kọjá. Ọ̀nà tí a fi ń ru oúnjẹ wọlé ni olè náà lè gbà wọlé. Àwọn tó fẹ́ fi ogun sínú ọmọ Afghanístàn kò lo èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ìbá lọ́ra. Èdè tí ìyá ọmọ náà fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ni wọ́n lò.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Àkọ́kọ́, wọ́n á ní, "Ṣé kí Amẹ́ríkà káwọ́ gbera kí ó máa wo ẹni tí Sófìẹ́tì ń pa ni?" Rárá o. Ẹni tí wọ́n ń jẹ níyà yẹ kó rí olùrànlọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ ní ojú, ó sì ní àṣàyàn. Kì í ṣe gbogbo ará Afghanístàn tó kọ̀ fún Sófìẹ́tì ló jẹ́ alákatakítí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Sayd Bahauddin Majrooh, olùkọ́ ìmọ̀ ọgbọ́n orí tó tún jẹ́ akéwì, dá ibùdó ìròyìn kan sílẹ̀ ní Peshawar láti máa sọ ohun tí àwọn Sófìẹ́tì ń ṣe fún ayé. Ní ọdún 1987, ibùdó rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ àwọn ogúnléndé nínú àgọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ kó máa darí wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn dáhùn pé Zahir Shah, ọba àtijọ́ ni, kì í ṣe èyíkéyìí nínú àwọn olórí ẹgbẹ́ tí owó òkèèrè ń bọ́. Majrooh tẹ èsì náà jáde. Ní oṣù Kejì ọdún 1988, wọ́n yìnbọn pa á lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Peshawar. Ohùn mìíràn wà nígbà náà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé kò sí àṣàyàn. Owó ńlá kò lọ sọ́dọ̀ irú Majrooh. Ọ̀dọ̀ irú Gulbuddin Hekmatyar ló lọ.

Ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n á ní àwọn olórí Mujahideen fúnra wọn ló fẹ́ kí ogun wà nínú ìwé náà. Mo gbà. Àmọ́ ta ló sọ wọ́n di olórí tó lè pàṣẹ ohun tí yóò wà nínú ìwé gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè? Ẹni tó bá yan alágbàtọ́, tó fún un lówó, tó tẹ ìwé fún un, tó sì ka ohun tó wà nínú rẹ̀ láìwí nǹkan kan, kò lè wá sọ pé alágbàtọ́ ló ba ọmọ jẹ́.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n á ní ìwé kò lè dá ogun sílẹ̀. Èyí náà rí bẹ́ẹ̀. Ìwé nìkan kò dá ogun sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìbọn nìkan kò dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ló ń jẹ́ kí ogun rí ọmọ ogun nígbà tí àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá ti darúgbó.

Ẹ jẹ́ ká tún wo ọ̀rọ̀ orúkọ, nítorí iṣẹ́ wa ni. Ní ọdún 1982, Reagan fi ìrìn ọkọ̀ òfuurufú Columbia sí gbalasa òfuurufú bọlá fún àwọn ará Afghanístàn. Ní oṣù Kejì ọdún 1983, ó gba àwọn Mujahideen lálejò ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní White House. Ajìjàgbara ni orúkọ wọn nígbà náà. Jalaluddin Haqqani wà lára àwọn ọ̀gá ogun tí CIA fẹ́ràn jù nígbà yẹn. Ní oṣù Kejì ọdún 2003, Amẹ́ríkà kéde Hekmatyar ní agbésùnmọ̀mí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012, ó kéde ẹgbẹ́ Haqqani pẹ̀lú ní ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí, ó sì ti fi owó lé orí ọmọ rẹ̀, Sirajuddin, ṣáájú ìgbà náà. Ọmọ náà di mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé ní Kabul ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021. Èwo ni òtítọ́ nínú orúkọ méjèèjì? Ìwà àwọn ọkùnrin wọ̀nyí kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹni tí wọ́n dojú ìbọn kọ ló yí padà. Nígbà tí ọta ń lọ sí ọ̀dọ̀ Rọ́ṣíà, ajìjàgbara ni wọ́n. Nígbà tí ó darí sí Amẹ́ríkà, wọ́n di agbésùnmọ̀mí. Àwọn ará Kabul tí rọ́kẹ́ẹ̀tì Hekmatyar ń wó ilé wọn láàárín àkókò méjèèjì yìí ńkọ́? Kò sí orúkọ tí wọ́n fún ẹni tó ń pa wọ́n, nítorí kò sí alágbára kan tó rí èrè kankan nínú ikú wọn.

Bí ó sì ti rí nìyẹn. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 1989, ọmọ ogun Sófìẹ́tì tó kẹ́yìn kúrò ní Afghanístàn. Ohun tí Washington wá lọ ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó sì kẹ̀yìn sí ibẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1992, ìjọba Najibullah wó, àwọn olórí ẹgbẹ́ tí wọ́n fi owó bọ́ dojú ìjà kọ ara wọn, wọ́n sọ apá tó pọ̀ nínú Kabul di àlàpà. Yorùbá ní ẹni tó bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Ti Afghanístàn kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan bí i sílẹ̀, wọ́n wá gbé e pọn ìyá tí kò mọwọ́mẹsẹ̀.

Ní ọdún 1994, nínú ìdàrúdàpọ̀ yẹn, ẹgbẹ́ tuntun kan dìde ní Kandahar. Orúkọ wọn yẹ kó dá àwa olùkọ́ dúró. Láti ara 'ṭālib' ti èdè Lárúbáwá ni 'Taliban' ti wá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀, ìparí '-an' ló sọ ọ́ di ọ̀pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ogúnléndé tó dàgbà nínú àgọ́ àti ní ilé kéú ní Pakístàn. N kò sọ pé ìwé Nebraska ló bí wọn, nítorí ilé kéú ní ìwé tirẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tí wọ́n gba Kabul ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1996, wọ́n bá ìwé náà nílẹ̀, ó sì wúlò fún wọn. Ohun tí wọ́n rí bí àbùkù nínú rẹ̀ ni àwòrán ojú ènìyàn, wọ́n sì ha ìyẹn kúrò. Wọn kò fọwọ́ kan ìbọn inú rẹ̀.

Ìyókù kò ṣàjèjì sí yín. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, ọkùnrin 19 kọ lu Amẹ́ríkà. Kò sí ọmọ Afghanístàn kan ṣoṣo nínú wọn. 15 nínú wọn jẹ́ ọmọ Saudi Arabia. Òótọ́ ni pé Afghanístàn ni Osama bin Laden tó rán wọn níṣẹ́ fi ṣe ibùgbé. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún náà, bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lé orí Afghanístàn. Ní oṣù Kejìlá, nígbà tí wọ́n ṣe ìpàdé ìlú Bonn ní Jámánì láti tún ìjọba tò, wọn kò pe Taliban tí wọ́n ṣẹ́gun, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀gá ogun àtijọ́ rí àyè padà sínú ìjọba. Ní oṣù Kẹta ọdún 2002, Ààrẹ George W. Bush kéde pé ìwé ẹ̀kọ́ tuntun ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ Afghanístàn. Yunifásítì kan náà tó ṣe ti àkọ́kọ́ ni wọ́n tún gbé iṣẹ́ náà fún, kí ó yọ ìbọn àti ọta kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tó bu májèlé sínú ọbẹ̀ náà ni wọ́n tún pè kó wá bù ú kúrò, wọ́n sì ní kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ogun ọdún ni Amẹ́ríkà fi jà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2020, ó bá Taliban fọwọ́ sí àdéhùn ní Doha, ìjọba Kabul tí Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ gbé ró kò sì sí nídìí àdéhùn náà. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 2021, Kabul ṣubú. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà, bàálù tí kò ní awakọ̀ pa ènìyàn mẹ́wàá ní Kabul, ọmọdé ni méje nínú wọn. Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ní agbésùnmọ̀mí ni òun pa, kí ó tó wá jẹ́wọ́ pé àṣìṣe ni. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ ogun rẹ̀ tó kẹ́yìn gbéra. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, ìjọba Joe Biden ya bílíọ̀nù 7 dọ́là tó jẹ́ ti báńkì àgbà Afghanístàn sọ́nà méjì, ó sì ya ìdajì rẹ̀ sọ́tọ̀ nítorí ẹjọ́ tí àwọn ẹbí àwọn tó kú ní ọdún 2001 pè, nígbà tí ebi ń pa àwọn ọmọ ní ilẹ̀ náà. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Taliban ní kí àwọn ọmọbìnrin padà sí ilé-ẹ̀kọ́ girama, wọ́n sì lé wọn padà sílé ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ̀ṣẹ̀ Taliban ni èyí, ọrùn wọn ló wà. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó lo ọdún mẹ́wàá láti kọ́ ọmọkùnrin ilẹ̀ náà pé ìbọn ni ìwé má wá ya ẹnu pé wọn kò mọ iyì ìwé fún ọmọbìnrin.

Ohun kan kù tí n kò lè gbàgbé. Láti ọdún 1986 ni Amẹ́ríkà ti ń fún Mujahideen ní ohun ìjà Stinger, èyí tí ọkùnrin kan lè gbé lé èjìká kó fi já bàálù lójú òfuurufú. Nígbà tí ogun Sófìẹ́tì parí, ẹ̀rù ba Amẹ́ríkà pé wọ́n lè fi já bàálù tòun. CIA wá fi mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù dọ́là ra èyí tí wọ́n bá rí padà. Wọ́n mọ̀, nígbà náà, pé ohun tí ènìyàn bá fi síta lè padà wá. Ṣùgbọ́n ta ló lọ ra ábídí padà? Ohun ìjà ṣeé kà, ó ṣeé rà, ó ṣeé tì mọ́ inú àká. Ẹyin lohùn. Lẹ́tà tí ó ti wọ orí ọmọ ọdún mẹ́fà, kò sí báńkì tó lówó tó lè rà á jáde. Ọmọ náà ti dàgbà, ó ti bímọ, ó ti ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìwé.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè, ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ. Bí ẹ bá ń túmọ̀ ìròyìn sí Yorùbá fún rédíò tàbí ìwé ìròyìn, tí ẹ bá bá orúkọ kan nínú ìròyìn òyìnbó, ẹ má kàn wá ọ̀rọ̀ tó bá a dọ́gba kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó sọ ọkùnrin náà lórúkọ, ọdún tó sọ ọ́, àti orúkọ tó ń pè é ní ogun ọdún sẹ́yìn. 'Agbésùnmọ̀mí' jẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ìdájọ́ inú rẹ̀ lè má jẹ́ tiwa.

Èkejì ni pé kí ìfẹ́ èdè má fọ́ wa lójú. Inú wa máa ń dùn bí a bá rí ìwé tuntun ní Yorùbá fún ọmọdé, pàápàá bí ó bá jẹ́ ọ̀fẹ́. Ó yẹ kí inú wa dùn. Ṣùgbọ́n inú àwọn òbí tó wà nínú àgọ́ ní Pakístàn náà dùn, nítorí ọmọ wọn ń kàwé, ó sì ń kà á ní èdè wọn. Ká tó fi ìwé lé ọmọ lọ́wọ́, ẹ jẹ́ ká ṣí i wò ní ojú ewé àkọ́kọ́, ká wo ohun tí wọ́n yà sí ẹ̀gbẹ́ 'A', ká sì béèrè owó ta ni wọ́n fi yà á.

Ire o.